Àlọ́ àpamọ̀ àti ìfọ̀rọ̀dárà àwọn ará oko Ireland: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni wọ́n ń pè ní tomhas gan-an?

Òun ni àlọ́ àpamọ̀ ní èdè Gaeilge, èdè àbínibí àwọn ará Ireland, tó bá ti ju ẹyọ kan lọ wọ́n á ní tomhaiseanna. Ẹni tó ń pa á á ṣàpèjúwe nǹkan kan láì dárúkọ ẹ̀, àwọn tó kù á máa méfò títí ẹnì kan á fi já a. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan tó gbajúmọ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀: "Mo gba bóithrín gòkè, mo gba bóithrín sọ̀kalẹ̀, mo sì gbé bóithrín kọ́ ẹ̀yìn lọ." Bóithrín ni ọ̀nà tóóró tó máa ń gba àárín oko kọjá, tí wọ́n to òkúta bí ògiri sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ẹ̀ẹ́ rí i káàkiri ìwọ̀ oòrùn Ireland títí dòní. Ta ló wá lè gbé ọ̀nà kọ́ ẹ̀yìn? Àkàbà ni o. Ẹni tó fẹ́ tún òrùlé koríko ṣe ló ń gùn ún, ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé e kọ́ èjìká relé.

Ìgbà wo ni wọ́n máa ń pa á, ibo sì ni?

Nígbà òtútù, lálẹ́, nídìí iná. Láti Samhain, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November, iṣẹ́ oko á ti dínkù, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí ọ̀sán tó tán pàápàá, kò sì síná mànàmáná, ọdún 1946 ni ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná lọ sáwọn abúlé, nítorí náà kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe? Àwọn aládùúgbò á kóra jọ sílé ẹnì kan tó lójú àánú sí àlejò, wọ́n ní orúkọ fún irú ìjókòó alẹ́ yẹn, airneán, wọ́n á ta káàdì, wọ́n á gbọ́ ìròyìn, ẹni tó mọ fídùl ta á ta á, àgbà kan á sọ ìtàn àwọn akọni tó lè gùn dé òru. Àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń jẹ́ káwọn ọmọdé náà rí tiwọn sọ níbẹ̀.

Ibì kejì tí wọ́n ti máa ń pa á á ya àwọn kan lẹ́nu: àìsùn òkú. Láyé àtijọ́ òkú ò gbọdọ̀ dá wà lóru, ìdílé àti aládùúgbò á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á fún àwọn èèyàn ní tábà àti nǹkan mímu, àwọn ọ̀dọ́ á máa ṣeré oríṣiríṣi, àlọ́ náà wà níbẹ̀ (tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ti gbó tó ti tọ́ ló kú o, tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń ṣeré kankan). Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì bínú sí eré àìsùn yìí gan, láti ọ̀rúndún 17 ni wọ́n ti ń ṣòfin lòdì sí i lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń ṣe é lọ títí wọ ọ̀rúndún 20 láwọn ibì kan.

Kí ló dé tó jẹ́ pé nǹkan inú ilé àti oko ni ìdáhùn ẹ̀ ní gbogbo ìgbà?

Torí òun ló wà níwájú wọn. Èmi ò rò pé èèyàn lè já àlọ́ àwọn ará Ireland tí ò bá mọ bí ilé wọn ṣe rí nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìdáhùn ló wà nínú yàrá tí wọ́n jókòó sí yẹn gan-an, ẹ kàn máa wò yíká ni. Ẹ wo èyí: "Ẹsẹ̀ gbọọrọ, itan wíwọ́, orí bíńtín, kò lójú." Ẹ̀mú iná ni. Igi ìdáná ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ dúdú inú irà ni wọ́n máa ń gé bíi bíríkì, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, turf lorúkọ ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ òun náà ni wọ́n fi ń yáná, ẹ̀mú sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣáá láti máa fi ṣà á. Iná yẹn kì í kú. Lálẹ́ wọ́n á fi eérú bò ó, wọ́n á gbàdúrà lé e, láàárọ̀ wọ́n á wá ẹyin iná jáde nínú ẹ̀. Ẹ̀mú kan náà yìí ni ìyá ọmọ máa ń gbé dábùú ibùsùn ìkókó tó bá fẹ́ sáré jáde, torí wọ́n gbà pé àwọn iwin máa ń jí ọmọ èèyàn gbé tí wọ́n á fi ti wọn rọ́pò, àti pé wọ́n ń bẹ̀rù irin. Ṣé ẹ wá rí i pé ohun tí gbogbo ọmọ ilé ń rí ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n kàn sọ di èèyàn abàmì tí ò lójú.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni àwọn tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra kí wọ́n lè fi dẹkùn mú èèyàn. "Ó rìn yí ilé ká, ó rìn yí ilé ká, ó lọ sùn sí kọ̀rọ̀." Ìgbálẹ̀ ni. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn tán, ẹlòmíì á tún bẹ̀rẹ̀, "Ó rìn yí ilé ká, ó rìn yí ilé ká," ẹ̀yin ti ń pariwo ìgbálẹ̀, á wá parí ẹ̀ pé "ó sì fi ìbọ̀wọ́ funfun sílẹ̀ lójú wíńdò." Yìnyín tó já bọ́ lóru nìyẹn, èyí tó máa ń fúnfun balau.

Ẹ gbọ́ èyí náà, ẹ máa ka ẹsẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ: ẹsẹ̀ méjì jókòó lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé itan, ẹsẹ̀ mẹ́rin wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ kan sá lọ, ẹsẹ̀ méjì fò dìde, ó ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lu ẹsẹ̀ mẹ́rin kó lè gbé ẹsẹ̀ kan padà wá. Ọkùnrin kan ló jókòó lórí àpótí, ó fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ àgùntàn, ajá wọlé jí i gbé. Ó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà o, kì í ṣe ti Ireland nìkan. Ṣùgbọ́n àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ní abúlé Ireland, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé wọn ò tẹ́jú, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á máa mì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń dúró dáadáa, torí náà kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ni ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ fún wa ní mélòó kan ká fúnra wa gbìyànjú.

Ó dáa. Ẹ má sáré wo ìsàlẹ̀ o.

Àkọ́kọ́: àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, kò sójú abẹ́rẹ́ kankan lára ẹ̀, tó o bá já a màá ra ṣòkòtò fún ẹ.

Ìkejì: ó gùn tó ọkùnrin mẹ́wàá, ó lágbára tó ọkùnrin mẹ́wàá, ọkùnrin mẹ́wàá ò sì lè mú un dúró.

Ìkẹta: ó kún ilé, ó kún àgbàlá, síbẹ̀ o ò lè bu ṣíbí kan nínú ẹ̀.

Ìkẹrin: ilé kékeré kan tí èkúté ò lè wọ̀, wíńdò ara ẹ̀ sì pọ̀ ju ti ilé olówó ìlú lọ.

Ìkarùn-ún: mẹ́rin dúró gbọn-in, mẹ́rin ń fì dirodiro, méjì ń wòran, méjì tẹ kọ́rọ́, ẹyọ kan ń jù síbí jù sọ́hùn-ún lẹ́yìn.

Ìkẹfà, èyí le díẹ̀: bí mo ṣe ń gba ojú ọ̀nà kan tó ń yọ̀ kọjá, mo pàdé ẹ̀gbọ́n bàbá mi Davy, mo gé e lórí, mo mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, mo sì fi òkú ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìdáhùn rèé o. Kábéèjì ni àkọ́kọ́. Okùn ni ìkejì, wọ́n máa ń lọ́ koríko gbígbẹ di okùn tí wọ́n ń pè ní súgán. Èéfín ni ìkẹta. Ìkẹrin ni fìlà irin kékeré tí télọ̀ máa ń fi bọ orí ìka kí abẹ́rẹ́ má gún un, ojú wẹẹrẹ wẹẹrẹ tó wà lára ẹ̀ ni wíńdò. Màlúù ni ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ mẹ́rin, orí ọmú mẹ́rin, ojú méjì, ìwo méjì, ìrù. Ìkẹfà tẹ́ ẹ ti fẹ́ pe ọlọ́pàá sí? Ìgò wisikí.

Èdè wo ni wọ́n fi ń pa á, ṣé Gaeilge ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn. Títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, Gaeilge ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ń sọ. Ìyàn ńlá wá dé láti 1845, àrùn ba ọ̀dùnkún jẹ lóko, ọ̀dùnkún sì lóúnjẹ tálákà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 8 lọ́dún 1841 di bíi mílíọ̀nù 6 àtààbọ̀ lọ́dún 1851. Àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń sọ Gaeilge jù nìyà náà mú jù. Àwọn òbí wá rí i pé ọmọ tó bá máa jáde nílùú, Gẹ̀ẹ́sì ló máa nílò, èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Gaeltacht ni wọ́n ń pe àwọn agbègbè tó ṣì ń sọ ọ́ nílé, bí apá kan Kerry, Connemara àti Donegal.

Àlọ́ ò kú pẹ̀lú ẹ̀ sha. Àwọn tó jẹ́ àpèjúwe nǹkan kàn ṣí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ni, àkàbà ṣì ni àkàbà. Èyí tó wá yọjú ní tuntun ni àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ni ẹ̀tàn inú wọn. Ẹ wo èyí tí gbogbo ọmọ skúùlù Ireland àtijọ́ mọ̀: "Londonderry, Cork and Kerry, spell that without a K." Ọmọ tí ò bá gbọ́ ọ rí á máa làágùn lórí Cork àti Kerry, kò mọ̀ pé "that" ni wọ́n ní kó sípẹ́lì, t-h-a-t, kò sí K kankan níbẹ̀. Tàbí pia 12 tó so sórí igi, ọkùnrin 12 ń kọjá, "Each took a pear", mélòó ló kù? 11. Each lorúkọ ọ̀kan nínú wọn, òun nìkan ló já. Ti ìwé ìròyìn náà wà ńbẹ̀, tó dúdú tó funfun tó tún jẹ́ "read all over", tí etí á gbọ́ bíi pé pupa ni. Ká sọ òótọ́, irú èyí máa ń gbẹ lójú tèmi, tó o bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ó ti tán, ti àkàbà yẹn ní tiẹ̀, lẹ́yìn tó o ti já a ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dùn.

Irú ìfọ̀rọ̀dárà wo ló wà nínú Gaeilge fúnra ẹ̀?

Rabhlóga wà, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n pọ̀, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tiwa. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni "Ná bac le mac an bhacaigh is ní bhacfaidh mac an bhacaigh leat," ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé má yọ ọmọ alágbe lẹ́nu, ọmọ alágbe náà ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sọ ọ́ kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Daniel O'Connell. Lọ́yà ni, ọmọ Kerry, wọ́n bí i lọ́dún 1775, òun ló jà títí òfin fi gba àwọn Kátólíìkì láyè láti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1829, ó sì kú lọ́dún 1847. Àwọn ará abúlé sọ ọ́ di akọni nínú ìtàn wọn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìtàn náà kọ́ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ o. Wọ́n ní ó wà níbi àsè kan ní London, àwọn ọ̀tá ẹ̀ ti fi májèlé sínú ohun tó fẹ́ mu, ọmọbìnrin Ireland kan tó ń gbé oúnjẹ sì mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa là ẹnu sọ ọ́ lójú wọn? Ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi ẹni tó ń kọrin, ó ní Dónall Ó Conaill, ṣé o gbọ́ Gaeilge? Ó ní mo gbọ́ ọ dáadáa, ìwọ ọmọbìnrin ilẹ̀ Ireland. Ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú omi díẹ̀ tó wà níwájú ẹ. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé tí ìmọ̀ràn ẹ bá jóòótọ́, owó ìgbéyàwó ẹ á pọ̀. Ewì ni gbogbo ẹ̀, ìlà kan sí ìlà kan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó yí wọn ká ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó dà bí eré ló gba ẹ̀mí là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi Yorùbá kìlọ̀ fún èèyàn yín láàárín àwọn tí ò gbọ́ ọ rí, ẹ ò nílò àlàyé.

Ṣé àlọ́ wọn ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àbí ìgbà tí skúùlù dé ló bẹ̀rẹ̀?

Ó ti pẹ́ gan. Ìtàn Fionn mac Cumhaill, akọni wọn, wà nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, wọ́n sì ń fẹnu sọ ọ́ ní Ireland àti Scotland. Fionn ní òun ò ní fẹ́ obìnrin àfi ẹni tó bá lè dá gbogbo ìbéèrè òun lóhùn. Nínú ìwé àtijọ́, Ailbhe ọmọ ọba Cormac ló dáhùn, lẹ́nu àwọn ará abúlé ó máa ń jẹ́ Gráinne ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀. Kí ló pọ̀ ju koríko lọ? Ìrì. Kí ló funfun ju yìnyín lọ? Òtítọ́. Kí ló yára ju atẹ́gùn lọ? Èrò ọkàn obìnrin. Kí ló gbóná ju iná lọ? Ojú ẹni tó lawọ́, tí àlejò wọlé bá, tí kò sì sóúnjẹ nílé tó lè gbé fún wọn.

Ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ àlejò ṣe jẹ́ nílẹ̀ Ireland nìkan ló lè ronú kàn án. (Gráinne yìí náà ló padà fi Fionn sílẹ̀ tó bá Diarmuid sá lọ, nítorí náà mímọ àlọ́ ò ní kí ilé tòrò.)

Ṣé àlọ́ máa ń wà nínú ìtàn gígùn?

Ó máa ń wà, àgàgà níbi tí tálákà ti ń fi ọgbọ́n borí alágbára. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń sọ káàkiri Europe tí àwọn ará Ireland náà sì fẹ́ràn: ẹni ńlá kan pe àlùfáà kan, ó ní kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù ba àlùfáà, arákùnrin ẹ̀ tí ò kàwé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní sùẹ̀gbẹ̀, wọ aṣọ ẹ̀ lọ. Wọ́n ní èló ni mo tó? Ó ní owó fàdákà 29, torí 30 ni wọ́n ta Jésù, ẹ ò lè tó o. Wọ́n ní kí ni mò ń rò báyìí? Ó ní ẹ̀ ń rò pé àlùfáà lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, àbúrò ẹ̀ ni mí. Ìbéèrè tó kù máa ń yàtọ̀ láti ẹnu kan sí èkejì.

Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń to nǹkan ní mẹ́ta-mẹ́ta, ṣé àlọ́ nìyẹn náà?

Rárá, òwe ni ká pè é, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá àlọ́ ni, torí ó máa ń fi èèyàn sí ìdúró títí á fi dé ẹ̀kẹta. Ó wà láti ayé àtijọ́. Ọ̀kan ní nǹkan tín-ín-rín mẹ́ta ló gbé ayé dúró: omi wàrà tín-ín-rín tó ń tọ́ látọmú màlúù sínú garawa, ewé ọkà tín-ín-rín tó ń hù nílẹ̀, fọ́nrán òwú tín-ín-rín lọ́wọ́ obìnrin tó mọ iṣẹ́. Oúnjẹ, oúnjẹ, aṣọ.

Ta ló kó gbogbo àlọ́ yìí jọ, torí ẹnu làwọn èèyàn fi ń sọ ọ́?

Ìjọba wọn dá Coimisiún Béaloideasa Éireann sílẹ̀ lọ́dún 1935, Séamus Ó Duilearga ni olórí ẹ̀, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n kó ìtàn, orin, àlọ́ àti àṣà àwọn ará abúlé jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn á gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń gba ohùn sára ìda, wọ́n á lọ jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n á wá máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ tó mú àlọ́ wọlé jaburata ni ti àwọn ọmọ skúùlù láàárín 1937 sí 1939. Wọ́n lo skúùlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bíi 5,000, ọmọ bíi 50,000, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14. Tíṣà á fún wọn ní àkòrí, wọ́n á gbé ìwé lọ bá bàbá àgbà, ìyá àgbà tàbí aládùúgbò tó ti dàgbà, wọ́n á bi í, wọ́n á kọ ọ́ wá. Lójú tèmi kò sọ́nà míì tó dáa ju ìyẹn lọ, torí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wọ kóòtù wọlé, ta ló máa pàlọ́ ìgbálẹ̀ fún un? Ọmọ ọmọ ẹni lèèyàn ń pa irú ẹ̀ fún. Kìkì county 26 (ẹkùn ni wọ́n ń pè ní county) tó wà lábẹ́ ìjọba Dublin ló ṣe é o, Northern Ireland tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba ò sí níbẹ̀. Nígbà tó di 1971 gbogbo ẹ̀ kó lọ sí University College Dublin, UNESCO sì fi iṣẹ́ Coimisiún náà sínú àkọsílẹ̀ ìrántí àgbáyé wọn lọ́dún 2017.

Níbo ni mo ti lè kà wọ́n, ọmọ mi ń kọ́ Gaeilge ní skúùlù ní Dublin?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ireland ti pọ̀, Gaeilge sì wà lára ohun tí skúùlù ibẹ̀ ń kọ́ gbogbo ọmọ, àfi àwọn tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún. Ẹ lọ sí dúchas.ie, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ́ rí ojú ìwé táwọn ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara wọn kọ, ẹ lè wá a ní county kan, ní skúùlù kan, tàbí kẹ́ ẹ kàn tẹ riddles tàbí tomhaiseanna síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ìyá tàbí bàbá tí ò gbọ́ Gaeilge náà á rí kà. Ìwé ọwọ́ àwọn ọmọ míì máa ń ṣòro kà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn ti tẹ púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà lè forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá mọ orúkọ skúùlù tó wà ládùúgbò yín, tó sì ti wà láti ọdún 1937, ẹ kọ́kọ́ wá ìyẹn. Ọmọ yín lè bá àlọ́ tí ìyá ìyá àgbà ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ síbẹ̀.